Àwòrán Nìkan Kò Tó fún Palenque

Abúlé San Basilio de Palenque wà ní ẹsẹ̀ òkè Montes de María, ní nǹkan bí 50 kìlómítà sí Cartagena, ìlú etíkun kan ní Kòlóńbíà. Ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀, àgbẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn: ẹ̀gẹ́, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀pà ni wọ́n ń gbìn. Lónìí, ọ̀nà náà kò jìn mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, nígbà tí àwọn ẹrú tó já ìdè wọn sá wọ inú igbó yìí, irà àti òkè ni odi wọn kí wọ́n tó ri igi ṣóńṣó mọ́lẹ̀ yí ilé wọn ká. Irú ọgbà igi bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Sípéènì ń pè ní palenque.

Ní ọdún 1621 ni wọ́n yẹgi fún Benkos Biohó, aṣáájú àwọn ẹrú tó sá náà, ní Cartagena, síbẹ̀ ìjà kò tán títí di àyíká ọdún 1713, nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù Antonio María Casiani bá àwọn ará abúlé náà ṣe àdéhùn àlàáfíà. Àwọn kan a máa pe Palenque ní ìlú òmìnira àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àsọdùn ni, nítorí àwọn ènìyàn Yanga, aṣáájú àwọn ẹrú tó sá ní Mẹ́síkò, ti ṣáájú wọn. Kí ọmọ Yorùbá má sì tún sọ pé tiwa ni àwọn ará Palenque o. Kóńgò ni èdè wọn ń tọ́ka sí.

Sípáníìṣì ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n "ngombe" ni màlúù, "moná" sì ni ọmọ. Bí ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ, "ma" ni wọ́n ń fi síwájú rẹ̀, bí àwa náà ṣe ń fi "àwọn" síwájú. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ará Cartagena ti ń fi èdè yìí ṣe wọ́n ní ẹlẹ́yà, títí tí òbí púpọ̀ fi dẹ́kun sísọ ọ́ sí ọmọ wọn, kó tó di pé àwọn olùkọ́ abúlé náà fúnra wọn mú un wọ kíláàsì ní ìparí àwọn ọdún 1980.

Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kan sáárá sí àṣà Palenque, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò fara mọ́ ni kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Àwọn obìnrin abúlé yìí ń ru ọpọ́n èso àti àdídùn alágbọn kiri Cartagena nínú oòrùn, àwòrán wọn sì ti di ohun tí a fi ń pe àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2001, àwọn adìhámọ́ra lé àwọn ará La Bonga, ìletò kan lábẹ́ Palenque, kúrò lórí oko wọn. Òfin ilẹ̀ Kòlóńbíà ti ọdún 1993 fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ àjùmọ̀ní. Ìwé òfin ọdún 1991 sì ka èdè wọn sí èdè ìjọba ní agbègbè wọn.

Nítorí náà, kí ìjọba Kòlóńbíà dáàbò bo ilẹ̀ La Bonga fún ẹni tó bá fẹ́ padà sóko, kí ó sì máa san owó oṣù àwọn olùkọ́ èdè náà déédéé, kí ó tó tún tẹ àwòrán obìnrin ọlọ́pọ́n mìíràn jáde.