Abẹ́rẹ́ yẹn kì í sọ ẹ̀jẹ̀ di omi o

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo ti ń gún màmá mi ní enoxaparin, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nínú ikùn ni àǹtí mi kan wá kí wọn. Wọ́n ká aṣọ màmá mi sókè, wọ́n rí bí ikùn ṣe dúdú lápá ọ̀tún, ó dúdú lápá òsì, bí ẹni tí wọ́n lù, ni wọ́n bá pariwo. "Ṣé o fẹ́ pa màmá ẹ ni? Ẹ̀jẹ̀ wọn ti di omi, ó ti ń jò sábẹ́ awọ, dá abẹ́rẹ́ yẹn dúró lónìí!" Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti dá síríńjì ọjọ́ yẹn padà sínú páálí kí n tó rántí pé nọ́ọ̀sì kékeré tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gún un fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀, mo pè é, ohun tó sọ ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí, torí mo ti wá rí i pé kì í ṣe àǹtí mi nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní orúkọ ń roni. Orúkọ tí wọ́n fún oògùn yìí ló ń ro gbogbo wa. Blood thinner ni Òyìnbó ń pè é, àwa náà gbé e bẹ́ẹ̀, a ní oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, oògùn tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé bí ìgbà téèyàn bu omi lu ọ̀dà ló rí. Irọ́ ni. Heparin o, enoxaparin o, dalteparin, tinzaparin, fondaparinux, gbogbo abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ní orúkọ yìí, kò sí ìkankan nínú wọn tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ki tó kẹ́ ẹ tó gba abẹ́rẹ́ náà ló ṣe máa ki lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbà á tán, oògùn náà kì í pa sẹ́ẹ̀lì pupa, kì í sì í bu omi kún nǹkan kan.

Ohun tó ń ṣe gan-an nìyí. Tọ́bẹ bá gé èèyàn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ á dì láti dí ojú ibẹ̀, àmọ́ kì í ṣàdédé dì. Àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń jí ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí àkọ́kọ́ á jí ìkejì, ìkejì á jí ìkẹta, títí á fi kan èyí tí wọ́n ń pè ní thrombin, òun ló máa wá jẹ́ kí okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ta bí àwọ̀n, àwọ̀n yẹn ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dúró sójú kan. Ara náà ní ẹ̀ṣọ́ tiẹ̀ tó ń dá wọn lẹ́kun kí wọ́n má bàa ṣàṣejù, antithrombin lorúkọ ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ yìí máa ń falẹ̀ ni. Heparin á wá so mọ́ ọn, á jẹ́ kó yára tó nǹkan bí ìlọ́po 1,000. Gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ò yí padà, dídì ẹ̀ ló falẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí heparin gan-an kì í ṣe pé ó ń wá a. Lọ́dún 1916 ni Jay McLean, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Johns Hopkins l'Amẹ́ríkà, ń wá ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, lábẹ́ ọ̀gá ẹ̀ William Howell, ló bá kan ohun tí kì í jẹ́ kó dì nínú ẹ̀dọ̀ ajá. Ní 1918, Howell sọ ọ́ ní heparin, látinú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ẹ̀dọ̀. Ká ní orúkọ yẹn nìkan la mú ni, ì bá sàn. (Lónìí, inú ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ heparin àti enoxaparin, torí náà ẹni tí kì í fẹ́ ohun tó wá lára ẹlẹ́dẹ̀, kó tètè sọ fún dókítà, fondaparinux ò wá lára ẹranko kankan, wọ́n pò ó pọ̀ ni.)

Ẹnì kan lè ní ṣebí orúkọ lásán ni, kí ló wá burú níbẹ̀. Ó burú o, torí ohun téèyàn bá gbà gbọ́ ló máa ṣe. Ẹ wo ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kan wú, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dì síbẹ̀, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, tó bá di ọjọ́ kẹrin tí wíwú yẹn ti ń lọ sílẹ̀ á ní "ó ti yọ́ nìyẹn", á dáwọ́ dúró. Abẹ́rẹ́ yìí kì í yọ́ èyí tó ti dì! Ara fúnra ẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ ń ṣe ni pé kò ní jẹ́ kó tóbi sí i, kò sì ní jẹ́ kí òmíràn yọ, kí ara lè ráyè ṣe tiẹ̀. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà lóòótọ́, alteplase wà lára wọn, àmọ́ ọsibítù ni wọ́n ti ń lò ó, ewu tiẹ̀ náà ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kẹrin, èyí tó kù sínú ẹsẹ̀ ẹ̀ lè já, kó gba inú ọkàn kọjá lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì ń pààyàn.

Màmá tèmi ò tiẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ dídì kankan. Wọ́n ṣubú, egungun ìbàdí wọn kán, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, dókítà ní ká máa gún wọn ní 40 milígíráàmù enoxaparin lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 35. Èmi náà bi í pé kí ló dé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ṣebí wọ́n ti ń rìn. Ó ní lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yẹn, ewu pé ẹ̀jẹ̀ á dì kì í tán lọ́jọ́ téèyàn kúrò ní ọsibítù, ó máa ń wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ wá wò ó ká ní mo gbọ́ tàǹtí mi lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Àwọn míì á gbàgbé tàná, wọ́n á gún méjì lónìí kó lè bára mu. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ pe ẹni tó kọ oògùn náà fún yín, á sọ èyí tẹ́ ẹ máa ṣe. Tí heparin bá pọ̀ jù, oògùn kan tí wọ́n ń pè ní protamine lè pa agbára ẹ̀, àmọ́ apá kan péré ló lè pa nínú ti enoxaparin. Àwọn kan ní kẹ́ni tó ń gba abẹ́rẹ́ yìí máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè ki padà, áyọ́ọ̀nù (iron) inú ẹ̀ sì rèé, sẹ́ẹ̀lì pupa ló wà fún, kò kan dídì ẹ̀jẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ pé kéèyàn ṣọ́ ẹ̀fọ́ tó ń jẹ tí wọ́n ń sọ, warfarin, oògùn oníhóró tí wọ́n ń gbé mì, ló ni ín, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ warfarin, ẹ má sọ pé nígbà tí méjèèjì jọ jẹ́ oògùn tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ kẹ́ ẹ kúkú ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, torí warfarin máa ń tó bí ọjọ́ márùn-ún kó tó ràn dáadáa, dókítà ló máa sọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ máa dúró. Aláboyún náà, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú á di omi. Heparin àti enoxaparin kì í gba ibi ọmọ kọjá, ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn ni wọ́n máa ń fún aláboyún dípò warfarin.

Ó yá, ikùn tó dúdú. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì bi mí lórí fóònù ni pé, "Ṣé ẹ máa ń fọwọ́ ra ibẹ̀ tẹ́ ẹ bá gún wọn tán?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ń rà á dáadáa kó lè tàn kálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ń sọ ọ́ di dúdú yẹn." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ni abẹ́rẹ́ ń kàn lábẹ́ awọ, nígbà tí dídì ti falẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á jáde, á kú síbẹ̀, téèyàn bá wá ń rà á, ńṣe ló ń fẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ di omi tó ń jò. Ó tún gbogbo ẹ̀ kọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi náà á sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ fọwọ́, kí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún jókòó fẹ̀yìn tì tàbí kó sùn sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ikùn ni, ó kéré tán kó jìn sí ìdodo ní sẹ̀ǹtímítà 5, òsì lónìí ọ̀tún lọ́la, ẹ má gún ojú àpá, ẹ má gún ibi tó ti dúdú tẹ́lẹ̀. Ẹ nu ibẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Afẹ́fẹ́ kékeré tẹ́ ẹ rí nínú síríńjì tí wọ́n ti rọ oògùn sí látilé iṣẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde tó bá jẹ́ gbogbo oògùn inú ẹ̀ lẹ fẹ́ gún, kò lè ṣe yín ní nǹkan lábẹ́ awọ, tẹ́ ẹ bá sì ń lé e jáde oògùn lẹ ń dà nù. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún awọ jọ, ẹ má tú u sílẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi máa parí, ọ̀rá abẹ́ awọ la fẹ́ kó wọ̀, kì í ṣe inú ẹran ara, torí ẹ̀jẹ̀ lè kún inú ẹran ara láìjẹ́ pé ẹ rí i. Kí abẹ́rẹ́ wọlé gbọnrangandan, kó wọlé tán. Ẹ má fà á sẹ́yìn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà. Ẹ rọra tẹ oògùn wọlé, ẹ má kánjú, ẹ yọ ọ́ bó ṣe wọlé, kẹ́ ẹ wá fi òwú tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ ò gbọ́dọ̀ rà á. Síríńjì náà, ẹ má dé e padà, inú ike líle tí abẹ́rẹ́ ò lè gún yọ ni kẹ́ ẹ jù ú sí.

Látìgbà yẹn ikùn màmá mi ò dúdú tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ṣì máa ń wà, ìyẹn ò sì burú. Èyí tó yẹ kó já yín láyà ni tó bá ń tóbi sí i, tó le, tó ń ro wọ́n, tàbí tí dúdú bá ń yọ níbi tí nǹkan kan ò ti kàn wọ́n.

Àfi báyìí, bí mo ṣe ní kì í sọ ẹ̀jẹ̀ di omi yẹn, mi ò ní ò léwu o. Ó léwu, ibi téèyàn ń wò ni ewu ẹ̀ ò sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú oògùn ara ríro ló wà. Aspirin, ibuprofen, diclofenac, naproxen, platelet (sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan nínú ẹ̀jẹ̀) ni gbogbo wọn ń dè lọ́wọ́, platelet yìí ló sì máa ń kọ́kọ́ sáré lọ dí ojú ọgbẹ́ kí àwọ̀n tí mo sọ yẹn tó ta. Tí abẹ́rẹ́ bá ti fa ọwọ́ kan sẹ́yìn, tí oògùn ìrora wá de ìkejì, kí ló kù tó máa dá ẹ̀jẹ̀ dúró? Àwọn oògùn yìí tún máa ń ha inú ikùn. Paracetamol ni wọ́n sábà máa ń ní ká lò. Tó bá jẹ́ dókítà tó mọ̀ pé ẹ wà lórí abẹ́rẹ́ ló fi aspirin kún un, ìyẹn yàtọ̀.

Ewu kejì ni kíndìnrín, torí ibẹ̀ ni enoxaparin ń gbà jáde. Tí kíndìnrín ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, oògùn á máa gbára jọ sínú ara, wọ́n á ní láti dín in kù. Ìwọ̀n téèyàn wúwo náà wọ̀ ọ́. Fún ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ dídì, milígíráàmù 1 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní wákàtí 12-12 ni wọ́n sábà ń lò, ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi gbọ́dọ̀ gba síríńjì tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹlòmíì láé.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ pé ká ní òótọ́ ni orúkọ yẹn, kò lè ṣẹlẹ̀ rárá. Nínú ìwọ̀nba èèyàn, ara máa ń bá heparin jà, platelet wọn á lọ sílẹ̀, síbẹ̀ kàkà kí ẹ̀jẹ̀ máa dà, ṣe ló tún máa ń dì kiri. Láàárín ọjọ́ 5 sí 10 lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ó wọ́pọ̀ lára heparin gan-an ju enoxaparin lọ. Oògùn tó ń bomi lu ẹ̀jẹ̀, báwo ló ṣe máa mú un dì? Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe lè ní kẹ́ ẹ wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ má sọ pé wọ́n kàn fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ lásán. Tẹ́sẹ̀ bá tún wú nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà lórí abẹ́rẹ́, tí mímí ṣòro, tí àyà ń dunni, tí awọ ojú abẹ́rẹ́ bá ń dúdú tó ń kú, ẹ lọ sí ọsibítù kẹ́ ẹ tó gún òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà títì, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀, tẹ́ni náà ń wú ẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń bì í, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, tó bá forí sọlẹ̀, tàbí tí orí fífọ́ tó le kan dédé mú un.

Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn yín, títí kan ẹni tó fẹ́ yọ eyín. Pàápàá ẹni tó fẹ́ gún abẹ́rẹ́ akunnilóorun sẹ́yìn, ó gbọ́dọ̀ mọ aago tẹ́ ẹ gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn, ó kéré tán kó ti pé wákàtí 12 tó bá jẹ́ ìwọ̀n kékeré, 24 tó bá jẹ́ ìwọ̀n ńlá, torí tí ẹ̀jẹ̀ bá lọ kún ẹ̀gbẹ́ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ lè rọ. Ìwé kékeré kan ni mo rà fún ti màmá mi, ọjọ́, aago, òsì àbí ọ̀tún, gbogbo ẹ̀ ni mò ń kọ síbẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, àǹtí mi yìí kan náà ló ń di ìwé yẹn mú, tí mo bá ti ń fọwọ́ bọ̀ báyìí, wọ́n á ti ké láti pálọ̀: "Òsì ló kàn o, má sì rà á!"