Orúkọ tí Compiler Ti Mọ̀, Èmi Ni Mo Tún Ń Kọ Ọ́

Kì í ṣe pé Haskell, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣòro láti kọ́ ni ó ń bí mi nínú. Mo ti kọ́ ọ, òun ni mo sì fi ń jẹun. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé èdè tí ó ń fi irú dátà yangàn ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni ó máa ń ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́ orúkọ wọn rí, ní kété tí ètò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Mo lè kéde irú dátà kan tí constructor rẹ̀ (orúkọ tí a fi ń dá nǹkan irú náà sílẹ̀) lé ní ogójì, compiler (ètò tí ń yẹ kóòdù wò, tí ó sì ń sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe) yóò yẹ gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì bá mi wí gidigidi bí mo bá gbójú fo ẹyọ kan ṣoṣo níbi tí mo ti ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà “Payment” bá ti inú fáìlì wọlé, tí mo wá ní kí èdè yìí bá mi fi ọ̀rọ̀ náà dá Payment kan sílẹ̀, yóò ní òun kò mọ ohun tí mò ń wí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò sì ṣàjèjì rárá. Ilé-iṣẹ́ kan ń fi àkọsílẹ̀ owó ránṣẹ́ sí wa lójoojúmọ́. Orúkọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan, bóyá Payment, bóyá Refund, bóyá Chargeback, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà àkáǹtì, iye owó, ọjọ́ àti àwọn nǹkan mìíràn tí ó bá irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu yóò tẹ̀lé e. Nínú kóòdù wa, irú dátà kan wà tí àwọn constructor rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyẹn gan-an, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ẹni tí kò bá mọ Haskell yóò rò pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: kí a ka orúkọ, kí a wá constructor tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí a fi ìyókù ìlà náà kún àwọn ààyè rẹ̀. Ní Python, getattr ni wọn yóò fi wá a, ọ̀rọ̀ sì ti bùṣe. Ní Java, láti 1997 tí Java 1.1 ti jáde ni ètò ti lè fi orúkọ wá class kan, kí ó sì pe constructor rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ ni a fi ń kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ “Payment”, pe Payment. Bí ó bá jẹ́ “Refund”, pe Refund. Bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn yóò máa bá a lọ títí ojú yóò fi pọ́n. Orúkọ tí mo ti kọ nígbà tí mo ń kéde irú dátà náà, tí compiler ti kà, tí ó ti tò jọ, tí ó sì ti fi ṣe ìwádìí lé mi lórí, òun náà ni mo tún jókòó tí mò ń tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì láàárín àmì ọ̀rọ̀. Ohun tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé tábìlì àfọwọ́kọ yìí nìkan ni ibi tí compiler kò ti ní bá ènìyàn sọ nǹkan kan. Bí a bá fi constructor tuntun kún irú dátà náà lónìí, ìkìlọ̀ yóò jáde ní gbogbo ibi tí a ti ń lò ó, àfi níbi tí a ti ń dá a sílẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀, nítorí pé ohun tí a ń yẹ̀ wò níbẹ̀ jẹ́ String, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán, ìlà ìkẹyìn tí ó gba ohun gbogbo yòókù sì ti pa compiler lẹ́nu mọ́. Ètò yóò kọ́ dáadáa, yóò lọ sí orí sáfà, yóò sì máa sọ pé òun kò mọ ìṣẹ̀lẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú kóòdù tiwa fúnra wa.

Mo mọ ìdí rẹ̀, ẹ má fi àlàyé dá mi lágara. Lẹ́yìn tí GHC, compiler Haskell tí à ń lò, bá ti fi irú dátà ṣe gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ tán, ó máa ń pa wọ́n rẹ́ kúrò nínú ohun tí yóò ṣiṣẹ́, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ètò yá. Èmi kò ní kí wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà. Ohun tí mo ní kí wọ́n wò ni oògùn tí wọ́n fún wa, nítorí pé oògùn wà lóòótọ́.

Ní 2003, Ralf Lämmel àti Simon Peyton Jones gbé ọ̀nà kan jáde tí yóò gba àwa tí ń kọ kóòdù lọ́wọ́ àtúnkọ òun àtúntẹ̀, láti ibẹ̀ ni class (ní Haskell, àkójọ iṣẹ́ tí irú dátà kan lè gbà láti máa ṣe) tí ń jẹ́ Data ti wá. Ènìyàn yóò kọ deriving Data sí abẹ́ irú dátà rẹ̀, kí compiler lè bá a kọ kóòdù Data fún un, readConstr yóò sì gba ọ̀rọ̀, yóò fi constructor tí ń jẹ́ orúkọ náà jíṣẹ́. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí níbi dataTypeOf, tí readConstr gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá: kí ó tó sọ irú dátà tí nǹkan jẹ́ fún ọ, ó fẹ́ kí o kọ́kọ́ fi ẹyọ kan lára nǹkan náà hàn án. Bí o kò bá ní ẹyọ kankan, tí ó sì jẹ́ pé tìtorí àìní yẹn ni o ṣe wá, fún un ní undefined, tí yóò bú gbàmù bí ẹnikẹ́ni bá yọjú wo inú rẹ̀. Òun náà yóò sì ṣèlérí pé òun kò ní yọjú.

Lẹ́yìn èyí ni ènìyàn yóò pe fromConstr. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibí ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ kọ̀ǹpútà mi nù. Payment tí fromConstr ń dá sílẹ̀ kò ní nọ́ńbà àkáǹtì, kò ní iye owó, kò ní ọjọ́. Àṣìṣe tí ó sùn ni ó wà nínú ààyè kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé Haskell kì í ṣírò nǹkan títí ẹnìkan yóò fi bèèrè rẹ̀, kò sí ohunkóhun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí a dá a sílẹ̀. Payment òfìfo yìí yóò wọ inú list, yóò gba ọwọ́ fúnkṣọ̀n márùn-ún kọjá, a ó kà á mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo irú dátà yóò bára mu, compiler yóò máa yọ̀. Ìgbà tí a bá ń tẹ àbọ̀ jáde ní ìrọ̀lẹ́ ni ètò yóò ṣubú, gbogbo ohun tí yóò sì sọ fún wa kò ju “Data.Data.fromConstr” lọ, láìsọ ìlà tí ó ti ṣẹlẹ̀ tàbí ààyè tí ó ṣófo. Bí ìgbà tí ènìyàn ra àpò ẹ̀gúsí tí a rán lẹ́nu dáadáa ni ọ̀rọ̀ náà rí: ìgbà tí epo ti gbóná lórí iná ni yóò tú u, tí yóò bá èèpo nínú rẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó tà á ti kó igbá rẹ̀ lọ. Èdè tí ó ń fi Java ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí null (òfìfo tí ó dúró níbi tí nǹkan gidi yẹ kí ó wà) ni ó ń ta èyí o.

Wọn yóò ní kí n lo fromConstrM dípò rẹ̀, mo sì lò ó. Òun lè fi nǹkan kún ààyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n fúnkṣọ̀n tí a ó fún un gbọ́dọ̀ lè pèsè ohunkóhun tí ó bá ní Data, láìjẹ́ pé a sọ fún un ṣáájú bóyá Int ni wọ́n ń fẹ́ ní ààyè yìí tàbí Text. Kí ó tó mọ̀, yóò máa dán irú dátà wò níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú Typeable, class tí ń sọ irú dátà tí nǹkan jẹ́: ṣé Int ni ọ́? Rárá. Ṣé Text ni ọ́? Rárá. Ìyẹn ni pé tábìlì àfọwọ́kọ tí mo sá fún tún dúró dè mí níwájú, àfi pé ti irú dátà ni ó wá di báyìí, dípò ti constructor. Bí ọ̀kan nínú àwọn ààyè náà bá ti inú package ẹlòmíràn wá, tí ẹni náà kò kọ deriving Data, tí ó sì fi constructor rẹ̀ pamọ́, iṣẹ́ dúró níbẹ̀. Nínú base gan-an, àkójọ kóòdù tí ó ń bá GHC wá, gunfold (iṣẹ́ tí fromConstrM gbé ara lé) tí wọ́n kọ fún Ptr, irú dátà kan níbẹ̀, kò ṣe ju pé kí ó ju àṣìṣe síta.

Data tún ní ẹ̀bi kan tí ó wúwo ju ìwọ̀nyí lọ. A ní module kan tí ó fi constructor iye owó pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà lè dá iye tí ó kéré sí òdo sílẹ̀. Fúnkṣọ̀n kan ṣoṣo ni ẹnu ọ̀nà, ó sì ń yẹ nọ́ńbà wò kí ó tó jẹ́ kí ó wọlé. Ní ọjọ́ tí a kọ deriving Data sí abẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹni tí ó bá ní fromConstrM lọ́wọ́ lè dá iye owó tí ó bá wù ú sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bi í léèrè.

Ti Read, class mìíràn tí ń sọ ọ̀rọ̀ di nǹkan, kò gba àkókò. Bí a kò bá kọ ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú kóòdù Haskell, “Prelude.read: no parse” ni èsì, ó sì dọwọ́ ẹ láti wá ohun tí kò dára. readMaybe kò tilẹ̀ ní sọ tó bẹ́ẹ̀. Nothing ni yóò fún ọ.

Èmi kò ní parọ́ mọ́ GHC.Generics, ọ̀nà mìíràn tí ó ń tú irú dátà sí ẹ̀yà ara rẹ̀, tí ó dé pẹ̀lú GHC 7.2 ní 2011. Òun ni ó sàn jù nínú gbogbo wọn: orúkọ constructor wà níbẹ̀, kò sí àṣìṣe tí ó sùn, ààyè kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò kún un kí compiler tó gbà. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí tí èmi tí mo fẹ́ ka ìlà fáìlì ṣe ní láti kọ class tèmi, kí n sì kọ instance rẹ̀ fún àwọn ẹ̀yà náà, fún :+:, fún :*:, fún M1, fún K1 àti fún U1, bí ẹni tí ń gba oyè nínú ìṣirò? Ní ti Template Haskell, tí ń jẹ́ kí kóòdù máa kọ kóòdù, mo ti bá a rìn tó láti mọ̀ pé àwọn ẹ̀yà tí a fi ń kọ ọ́ kì í dúró lójú kan. GHC 8.0 yí DataD padà, GHC 8.10 yí TupE padà, GHC 9.2 yí ConP padà, ìyípadà kọ̀ọ̀kan sì ń ba kóòdù tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Bí mo bá sì ráhùn, àwọn àgbà iṣẹ́ wa a rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn a ní bí mo bá ń wá irú nǹkan báyìí, a jẹ́ pé n kò tíì kọ́ láti ronú bí ó ti yẹ. Ṣé kí n lọ sọ fún ilé-iṣẹ́ tí ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n dẹ́kun fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n máa fi irú dátà ránṣẹ́? Gbogbo ohun tí ó ń ti ìta wọlé, ọ̀rọ̀ ni. Aeson, tí àwọn àgbà wọ̀nyí fúnra wọn ń lò láti ka JSON, iṣẹ́ yìí gan-an ni ó ń ṣe: ó ń wo “tag” kí ó lè mọ constructor tí yóò pè, ó ń kó ìyókù láti inú “contents”, ó sì ní láti fi Generics tàbí Template Haskell ṣe é. F# náà jẹ́ èdè functional bíi Haskell, ó sì ní FSharpType.GetUnionCases àti FSharpValue.MakeUnion, bí ohun tí a fún MakeUnion kò bá bá ààyè mu, ojú ẹsẹ̀ ni yóò kígbe, níbi tí a ti pè é. Lóòótọ́, .NET, tí F# ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kì í pa irú dátà rẹ́, ìyẹn sì mú un rọrùn fún wọn. Síbẹ̀, Don Syme tí ó ṣe F# àti Peyton Jones jọ wà ní ibùdó ìwádìí Microsoft ní Cambridge fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ẹnìkan ì bá ti ya ilé ẹnìkejì.

Ohun tí mò ń bèèrè kò pọ̀. Kí deriving kan wà nínú base tí yóò fi àwọn orúkọ constructor tí compiler ti mọ̀ ṣe tábìlì fún mi, tí yóò máa gba ọ̀rọ̀ àti àwọn ohun tí ó tẹ̀lé e, tí yóò sì dá Either padà: nǹkan tí ó pé ní apá kan, tàbí ní apá kejì, gbólóhùn kan tí ó sọ pé ààyè kẹta nínú Refund ń retí ọjọ́, ṣùgbọ́n “N/A” ni ó bá níbẹ̀.