Ẹ yé ju nǹkan sínú ihò omi yẹn

Inú ń bí mi láti ọjọ́ Sátidé, mi ò sì lè gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ju nǹkan sínú Devil's Kettle, ihò inú àpáta tí apá kan odò Brule ń rọ́ sí!

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà níbí, mọ ibi tí mò ń sọ. Ọgbà Judge C. R. Magney ni, téèyàn bá ti kọjá Grand Marais tó dojú kọ ọ̀nà Kánádà. Ìgbà ìrúwé ni mo máa ń lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n dúró di oṣù Keje kí ilẹ̀ lè gbẹ, odò á ti fà nígbà yẹn. Ìgbà tí yìnyín bá ń yọ́ nínú igbó ni odò Brule máa ń kún dẹ́nu, omi rẹ̀ á pọ́n bíi tíì tí wọn ò bu mílíìkì sí, torí inú irà ló ti ń ṣàn bọ̀. Ẹ ò tíì ní rí i tí ẹ ó ti máa gbọ́ ọ láyà yín.

Àtẹ̀gùn onígi ibẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹrẹ̀ ti bo bàtà mi kí n tó dé ibi tí àpáta ti la odò sí méjì. Apá kan já wálẹ̀, ó gba ọ̀nà adágún Superior lọ. Apá kejì rọ́ sínú ihò, ojú ò rí i mọ́. Mo dúró, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ariwo yẹn gbé mi padà sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, sétí omi Ọlúmirìn, níbi tí ìyá àgbà ti di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ Yorùbá lẹ́yìn mi. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ọmọkùnrin kan ni, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, fóònù wà lókè, wọ́n ń ya fídíò. Ló bá sọ ìgò ike sínú ihò náà.

"Àbúrò, kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ ni."

Wọ́n mọ̀ ọ́n! Lọ́dún 2016, àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà wọn odò yẹn. Lókè ihò, omi tó tó ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì (cubic feet) 123 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nísàlẹ̀, 121. Ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn ò ju àṣìṣe ìwọ̀n lọ, kò sí omi tó sọnù. Èyí tó wọ ihò ń padà sínú odò kan náà. Ìgò yẹn ò rá, bóyá omi ti lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́ ni, inú adágún Superior tí àwọn ará ìlú Duluth ń mu ló sì ń lọ.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin ò ju nǹkan sómi rí ni?"

Mi ò dá a lóhùn. Ní Ọlúmirìn lọ́jọ́ yẹn, ìyá àgbà fi owó wẹ́wẹ́ sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n sọ ọ́ sómi, kí n sì sọ ohun tí mo ń fẹ́. Mo sọ ọ́. Àdúrà ni tèmi, eré ni tirẹ̀. Ohun tí mo ń tún sọ fún ara mi láti Sátidé nìyẹn. Mo ṣì ń bínú sí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ká ní ó tún bi mí lónìí, mi ò mọ èsì tí mo máa fún un.