Aṣọ Pọ̀, Àkísà Dà?

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe yìí ló máa ń bọ́ sí mi lẹ́nu bí àwọn agùnbánirọ̀ wa ní Àbújá níbí, àwọn tó ka mechanical engineering, bá bi mí pé ìwé-ẹ̀rí wo ni kí àwọn kọ́kọ́ gbà. Wọ́n á ti to orúkọ àwọn ìwé náà sílẹ̀ gẹrẹrẹ: PMP (ti dídarí iṣẹ́ àkànṣe), NEBOSH (ti ààbò lẹ́nu iṣẹ́), API (ti àyẹ̀wò ohun èlò epo àti gáàsì), COREN (ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ẹnjiníà ní Nàìjíríà).

Aṣọ ni gbogbo wọn. Àkísà ni iṣẹ́ tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe, tí ọ́ìlì ti yí lára. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta aṣọ náà gan-an, àkísà ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Kí ẹni tó ní dìgírí tó lè jókòó ìdánwò PMP, ó ní láti ti darí iṣẹ́ fún oṣù 36. Alawí ₦77,000 pàápàá ò lè san owó ìdánwò náà. COREN ń fẹ́ ìrírí ọdún 4 lẹ́yìn dìgírí. Bí o kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, òfin ò gbà kí o pe ara rẹ ní Engr., bí àwọn tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ò tilẹ̀ gbọ́ òfin yẹn rí.

Ibi iṣẹ́ ni kó yan ìwé fún ọ. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ri páìpù gáàsì AKK, kìlómítà 614 láti Ajàòkúta dé Kánò, lo ti ríṣẹ́, API 1169, ti àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò bí wọ́n ṣe ń ri páìpù, ni kí o lé. Àwọn kan gbọ́ “páìpù”, wọ́n sáré sí API 570. Páìpù inú ilé ìfọpo bíi ti Kàdúná ni ìyẹn wà fún. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ńlá inú ilé gogoro Central Area lò ń tọ́jú, kí ni API fẹ́ ṣe fún ọ? Wo ti ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ rárá lè ṣe CSWA ti SOLIDWORKS: wọn kì í béèrè ọdún ìrírí, ìmọ̀ yíya ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń dánwò.

Àmọ́ èyí tó wù kí o lé, ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan lónìí, kí o máa kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ sí i; ẹ̀rí àkísà rẹ nìyẹn. Kọ ọ́ báyìí: “Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pọ́ǹpù omi kejì ń pariwo. Mo yọ béárìn rẹ̀, mo wọn ọ̀pá, ó ti jẹ. A pààrọ̀ méjèèjì.” Kí ọ̀gá rẹ buwọ́ lù ú lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, torí wọ́n lè gbé ọ̀gá náà lọ sí Port Harcourt lóṣù tó ń bọ̀.