Ṣé kí tíṣà fo ibi omi gbígbóná nínú Purple Hibiscus?

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìwé ìtàn Purple Hibiscus tí Chimamanda Adichie kọ ní 2003 ni mò ń bá àwọn SS2 mi kà. Ó ku díẹ̀ ká dé ibi tí bàbá Kambili, ọmọbìnrin ọdún 15 tó ń sọ ìtàn náà, ti da omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀, torí ó bá bàbá àgbà ẹ̀, tí kì í ṣe Kristẹni, sun ilé kan náà kò sì jẹ́wọ́. Òbí kan ní kí n fo ibẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì: Ẹ fò ó jàre. Ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi kà á, kò sùn. Ṣé dandan ni?

Kúnlé: Ẹ má bínú mà, mi ò gbà. Tẹ́ ẹ bá fò ó, báwo làwọn ọmọ ṣe máa mọ irú ìbẹ̀rù bàbá tó gba ohùn lẹ́nu Kambili, tó fi jẹ́ pé tó bá dé ilé àǹtí ẹ̀ ní Nsukka wúyẹ́wúyẹ́ ló ń sọ, tí Amaka ọmọ àǹtí ẹ̀ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu sí i?

Àdùkẹ́: Èmi o, ibi dígí ló mú mi jù. Kambili ṣe ipò kejì, bàbá ẹ̀ tẹ̀ lé e lọ sí school, ó bi í pé orí mélòó ni Chinwe tó ṣe ipò kìíní ní, ó wá na dígí sí i kó ka orí tiẹ̀ náà. Ilé ta ni wọn ò ti sọ ọ́ rí, "ṣé orí méjì ló ní ni?" Nígbà tí tíṣà wa kà á sókè, gbogbo kíláàsì pa lọ́lọ́, ọmọkùnrin kan lẹ́yìn wá ní "bàbá mi nìyẹn". Mi ò gbàgbé ẹ̀ títí dòní.

Bàbá Rọ̀fíà: Kí àwọn ọmọ wá máa wo gbogbo bàbá tó bá bá wọn wí bí ìkà? Ìyá Kambili fi májèlé sí tíì ọkọ ẹ̀ nígbẹ̀yìn, ẹ̀kọ́ wo nìyẹn?

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì: Bàbá, ẹ ṣé sà. Jaja, ẹ̀gbọ́n Kambili, ló gba ẹ̀bi yẹn sórí, wọ́n sì tì í mọ́lé, kò sẹ́ni tó jèrè níbẹ̀. Bàbá yẹn náà, ẹ rántí pé nígbà tó wà ní kékeré, Fádà kan ti ọwọ́ ẹ̀ bọ omi gbígbóná, òun ló tún wá lọ ṣe fọ́mọ yẹn. Tí n bá fo ti Kambili, ti bàbá ẹ̀ ò ní yé wọn.

Ìyá Ìbejì: Ti Fádà yẹn, mi ò rántí ẹ̀ rárá. Ó dáa, tẹ́ ẹ bá máa kà á, ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ni tí kò bá lè gbọ́ ọ lè bọ́ síta. Ẹ sì má pe ọmọ kankan kó kà á sókè, ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ kà á.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì: Màá ṣe bẹ́ẹ̀ mà. Ọjọ́bọ̀ la máa kà á, màá ti sọ fún wọn lọ́jọ́rú.