Ẹ bá wa wo ẹsẹ̀ ìyá ọmọ náà

Èrò ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ nìyí, ó sì ń dùn mí gan-an: owó tí à ń ná sórí ẹsẹ̀ ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló yẹ ká ná an lé.

Gbogbo ọmọ ìkókó ni àtẹ́lẹsẹ̀ wọn máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀rá ló kún ibẹ̀, iṣan wọn ò sì tíì gbó. Kí ọ̀pọ̀ wọn tó pé ọmọ ọdún 10, kòtò àárín ẹsẹ̀ á ti yọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọ ọdún 4 ṣe àlùwàlá tán, kó tẹ ilẹ̀ símẹ́ńtì, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ hàn síbẹ̀, ariwo ti sọ nìyẹn. Wọ́n á ní ká ra bàtà àkànṣe, wọ́n á máa fi òróró wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ títí á fi máa ké. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó gbé gìgísẹ̀ sókè, kó fi ọmọ ìka dúró. Bí kòtò yẹn bá yọ, tí ẹsẹ̀ ò sì dùn ún, ẹ fi sílẹ̀ kó máa ṣeré ẹ̀. Àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà fi ọdún 3 ṣọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1989 ni pé bàtà àkànṣe ò yí nǹkan kan padà. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gan, tàbí tó ń dùn ún, òun ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun.

Ìyá wá ńkọ́? Ẹ dé Ọjà Ìpàtà n'Ílọrin nírọ̀lẹ́, ẹ wo sílípáàsì àwọn ìyá wa tó ń ta ata: apá inú ti jẹ tán, apá òde ṣì nípọn. Kókósẹ̀ wọn ti wó sínú, ọ̀pọ̀ wọn ò sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà ọmọge. Iṣan kan ló gba ẹ̀yìn kókósẹ̀ lápá inú lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀, òun ló gbé kòtò yẹn dúró. Ọjọ́ orí, ara sísan, ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru a máa bà á jẹ́. Àwa á ní làákúrègbé ni, ìyá á gbé parasitámọ́ mì, ó tún di ọjà lọ́la.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ di ògiri mú, ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ẹ gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí kò bá ṣe é gbé, tàbí tó ń ro yín lápá inú kókósẹ̀, ẹ lọ fi han dókítà. UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin tó wà ní Oke-Ose, ní dókítà eegun àti àwọn oní-fisiotẹ́rápì. Bó bá tètè dé ọwọ́ wọn, ìsinmi, bàtà tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, ìtẹ́lẹ̀ tó gbé àárín ẹsẹ̀ sókè, àti ìdárayá tí wọ́n bá kọ́ yín máa ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà mìíràn wọ́n á fi POP, ìdè funfun tó máa ń gan bí òkúta, dè é. Bó bá pẹ́, oríkèé á gan, ó lè di iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń so egungun pọ̀, ìyá wo ló sì fẹ́ fi ọjà sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan?

Ẹni tó bá sì ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú, tó gbóná ju ìkejì lọ, bí kò tiẹ̀ dùn ún rárá, kó má sùn lé e. Egungun inú ẹsẹ̀ yẹn lè máa fọ́ lọ́wọ́. Kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.