Ní Ilé-Ifẹ̀ gan-an, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi túmọ̀ Ifẹ̀ fún mi

Látọjọ́ Àìkú ni mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ mi ló ní kí n jẹ́ kí ara mi kọ́kọ́ rọlẹ̀. Ọjọ́rú nìyí, kò tíì rọlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ rí àwòrán tí mo gbé síbí ní Sátidé, tí ẹ ń kí wa kú oríire ọdún márùn-ún ìgbéyàwó, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á jẹ́ ká tún rí i ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé kí ni tọkọtaya ń wá lọ sí Ifẹ̀ nígbà tí etí òkun wà l'Ékòó, mo ti kà á, n ò ní dá yín lóhùn. Èmi ni mo ní Ifẹ̀ ni mo fẹ́ lọ. Mo ti gba ìlú yẹn kọjá lọ sí Ilẹ̀ṣà àti Àkúrẹ́ láìmọye ìgbà, mi ò sọ̀kalẹ̀ rí. Ọmọ Yorùbá tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí kò fojú kan Ọ̀pá Ọ̀rányàn rí! Ó máa ń ṣe mí bí ẹni tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀ tí kò mọ ilé bàbá rẹ̀.

A gbé ọmọ fún ìyá mi ní alẹ́ Jímọ̀, a jí kúrò n'Ìbàdàn ní kùtùkùtù. Ọ̀nà dá. Ní Ìkirè, a ra dòdò, èyí tó dúdú yẹn, tí ata rẹ̀ máa ń lúgọ sẹ́yìn ọ̀fun kó tó ta. Aago mẹ́wàá ò tíì lù tí a fi wọ Ifẹ̀.

A ti bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣàdéhùn lórí fóònù. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kó máa mú àlejò káàkiri ìlú, ẹnì kan ló júwe rẹ̀ fún wa. N ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá a kiri, torí ọmọ dáadáa ni. Ó dé lásìkò. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò àdìrẹ, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sà, ẹ káàbọ̀ mà, ṣé kò sí wàhálà lọ́nà?" Yorùbá tó dán mọ́rán. Inú mi dùn, mo ní a ti rí ẹni tó máa pa ìtàn fún wa.

Bí a ṣe dúró níbi àkọ́kọ́ báyìí, ó wúkọ́ díẹ̀, ó na ọrùn, Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tàbí méjì tí gbogbo wa ń kì bọ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì gangan ni, bí ìgbà tí èèyàn ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó sọ ti ẹ̀wọ̀n tí Odùduwà bá sọ̀kalẹ̀, ó sọ ti yẹ̀pẹ̀, ó sọ ti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó da yẹ̀pẹ̀ náà káàkiri orí omi títí ó fi di ilẹ̀, tí ilẹ̀ ń fẹ̀, tó ń fẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní "fẹ̀". Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi.

Èmi! Ọmọ bíbí Ìbàdàn! Èmi tí mo sọ fún télọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó jẹ́ kí apá bùbá mi fẹ̀ díẹ̀ sí i!

Mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wò mí. Mo rọra ní, "Àbúrò mi, Yorùbá là ń sọ nílé o. Fi Yorùbá pa á fún wa." Ó ní, "Ó dáa mà." Ó bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn méjì, ó dúró. Ó ń wá ọ̀rọ̀. Ó tún sọ ọ̀kan, ó wojú sánmà, ó padà sínú Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó rìn wọ ẹrẹ̀ tó sáré padà sórí títì. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Yorùbá. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú ìgbà yẹn lọ tí ọlọ́kadà kan fẹ́ gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí sọ sí i, ó dùn ju orin lọ. Ìtàn yẹn gan-an ni kò ní ní Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì ló fi há a sórí.

Bí a ṣe rìn ín títí di ọ̀sán nìyẹn. A dé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rányàn, òkúta ràgàjì tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 18, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Mo fẹ́ dákẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ò jẹ́ kí n dákẹ́.

Ìdí ọ̀rọ̀ Lúwo ni ó ti wá dùn mí jù. Ẹ mọ Ọọ̀ni Lúwo, obìnrin tó jọba n'Ifẹ̀, tí ìtàn ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan aṣọ òun, tó fi ní kí wọ́n tẹ́ gbogbo ọ̀nà ìlú. Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́ o, wọ́n ti wú u jáde ní ọ̀pọ̀ ibi káàkiri Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kan ni ọmọkùnrin wa fi ń pe ohun tí wọ́n fi tẹ́ ẹ. Ó sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́fà. Ọkọ mi ń mi orí bí ẹni pé irú òkúta iyebíye kan ni. Àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àpáàdì! Àpáàdì tí a mọ̀, tí wọ́n tò ní òòró, tí wọ́n rẹ́ ẹ pọ̀ mọ́ ara wọn. Àpáàdì tí ìyá ìyá mi fi ń lọ fọn iná nílé ará ilé nígbà tí mo wà ní kékeré.

Bí mo ṣe pe orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ara mi báyìí, gbogbo ọ̀rọ̀ náà yé mi. Mo mọ ìdí tí ọba obìnrin fi ní àpáàdì ni kí wọ́n kó wá. Èyí tó ń ko iná lójú, kí ni ẹrẹ̀ fẹ́ fi í ṣe? Ta ló sì ń fọ́ ìkòkò nínú ilé bí kò ṣe àwa obìnrin? Àfọ́kù inú ilé ìdáná ló fi ṣe títì. Láti àárọ̀ tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá mi sọ̀rọ̀, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí gbé Lúwo wá sí ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi.

Ẹ tún wo ti àwọn ère orí tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀. Ní 1938, wọ́n ń wa ilẹ̀ kọ́lé ní agbo ilé yẹn, nítòsí ààfin, ni orí ọba ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú, imú, ètè, bí ẹni pé wọ́n máa mí. Ọ̀kan nínú wọn wà ní London dòní yìí. Orúkọ tí àwọn òyìnbó sọ wọ́n nínú ìwé, tí ọmọkùnrin wa náà ń pè wọ́n, "bronze", orúkọ irin mìíràn ni. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, idẹ ni. Àwọn kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, bíi ti ère ojú Ọbàlùfọ̀n. Idẹ àti bàbà! Ẹni tó bá ti gbọ́ oríkì Ọ̀ṣun rí mọ idẹ. Ọ̀rọ̀ tó bá a mu wà lẹ́nu wa, a gbé e jù sílẹ̀, a lọ yá èyí tí kò bá a mu.

Mi ò kórìíra Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n a ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá gba ìtàn yìí lẹ́nu wa. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, wá sí Ifẹ̀, ó rí Orí Olókun àti àwọn iṣẹ́ amọ̀ ìlú yẹn. Ibo ló gbé ọgbọ́n wọn lọ? Ó ní ìlú Atlantis tí òkun gbé mì ló ti wá! Ó gbà kí òkun ó ṣe é, kò gbà kí àwọn tó bá nínú ilé ó ṣe é.

Ẹ má sì sọ fún mi pé nítorí àlejò ilẹ̀ òkèèrè ni. Àwọn ará Brazil àti Cuba tó ń wá wo Ifẹ̀, Yorùbá ni àwọn fi ń kọrin òrìṣà nílé wọn, wọ́n ń rá pálá láti kọ́ ọ. Èmi àti ọkọ mi kọ́ ni òyìnbó. A gbé ilà wá sójú ìran Odùduwà lọ́jọ́ náà, ọkọ mi kọ pélé.

Nǹkan bí aago mẹ́ta, a ń bọ̀ láti ìdí ère Mọremí, èyí tí Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹniìtàn Ògúnwùsì gbé kalẹ̀ ní 2016, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42. Oòrùn mú. Ìyá àgbà kan jókòó lábẹ́ agbòjò, wọ́n ń ta obì àti ataare. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ra obì, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ti Mọremí fún mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ ọ́n ni. Mo ní mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn Ugbò tó ń wọ ìko wá kó Ifẹ̀ lẹ́rù, tí àwọn èèyàn rò pé iwin ni wọ́n. Mọremí tó jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ, tó fi ẹwà rẹ̀ wádìí àṣírí wọn. Ògùṣọ̀ tí wọ́n fi ran ìko náà. Gbogbo ìyẹn, wọ́n ń sáré sọ ọ́, wọ́n sì ń pín ataare fún oníbàárà mìíràn. Ìgbà tí wọ́n dé ìdí odò Ẹ̀sìnmìrìn, tí Mọremí ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún, ni wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí ọjà. Wọ́n ní odò ò gba àgbò, kò gba màlúù. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ikùn ara wọn, wọ́n ní, "Ọmọ kan ṣoṣo, ọmọ mi. Ọ̀kan." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa Olúorogbo, ọmọ tí Mọremí fi san ẹ̀jẹ́. Omi dà lójú mi. Ọkọ mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ ni ìyá yìí ń sọ, kì í ṣe Yorùbá tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, torí náà àwọn ibì kan wà tí kò yé mi. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ fún mi, ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá, ó ń fi Yorùbá tó já gaara gbé e fún mi. Kò wúkọ́, kò wojú sánmà. Ó ń fi ọwọ́ ṣe bí ìko ṣe ń jó. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé Yorùbá lòun ti ń fi pa ìtàn láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn.

Mo sọ fún un nínú ọkọ̀. Mo ní, "O rí i pé o lè ṣe é." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ má bínú mà. Yorùbá lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí." Ó ní àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó máa ń wo òun bí ẹni tí kò kàwé. Ó ní àwọn òbí ló ń sọ pé kó bá àwọn ọmọ àwọn sọ Gẹ̀ẹ́sì kó lè yé wọn. Ó ní ìyá ìkókó kan dín owó òun kù lójú òun báyìí, ó ní èyí tó sọ fún àwọn, ìyá ìyá òun ì bá sọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Yorùbá náà ni ìyá yẹn mà, bíi tiyín."

Mi ò rí nǹkan sọ. Ní òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, ọkọ mi ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, pé ọjà tí èèyàn bá ń rà ni wọ́n ń tà. A fa ọ̀rọ̀ náà títí a fi sùn. Mo ṣì gbà pé kò tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó máa bèèrè Gẹ̀ẹ́sì. Kò yẹ kí àwa máa bèèrè Yorùbá n'Ifẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí ara mi rọlẹ̀ ni ti alẹ́ Àìkú, nígbà tí a gbé ọmọ wa dé láti ọ̀dọ̀ ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo gbé e sórí itan, mo ní màá pa ìtàn Mọremí fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá olóbì. Ó ń gbọ́, ó lanu sílẹ̀. Mo ní, "Gbogbo ará Ifẹ̀ bá gbé ògùṣọ̀ jáde." Ó ní, "Mọ́mì, kí ni ògùṣọ̀?"

Mo wo inú pálọ̀. Kò sí nǹkan tí mo lè nawọ́ sí. Gẹ̀ẹ́sì ló bọ́ lẹ́nu mi, kí n tó mọ̀, mo ti sọ ọ́.

Ojú rẹ̀ tàn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ sí yàrá, ó gbé tọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ wá. Ó tàn án sára ògiri, ó ní ṣé èyí ni wọ́n fi lé wọn lọ.